Bí A Ṣe Ń Padà Sídìí Ẹ̀kọ́ Ìjà Lẹ́yìn Tí Olùkọ́ Ti Rẹ́ Ni Jẹ

Ẹni tí olùkọ́ kàrátè, júdò tàbí taekwondo bá rẹ́ jẹ kì í pàdánù owó àti àkókò nìkan. Eré tí ó fẹ́ràn, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ kọ́, a di ohun tí kò lè wò mọ́ láìrántí ẹni tí ó ṣe é níbi. Ọ̀pọ̀ a sì ká aṣọ àti bẹ́líìtì wọn sínú àpò, wọn a ní ó ti parí. N kò dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ènìyàn kan ni ó ṣẹ̀ yín, kì í ṣe ẹ̀kọ́ náà, yíya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ sì ni iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Bí olùkọ́ bá ń gba owó ìdánwò bẹ́líìtì (àmì ipò akẹ́kọ̀ọ́) tí kò sí nínú àdéhùn, tí ó ń lò yín láti kọ́ àwọn ọmọdé láìsan kọ́bọ̀, tí ó kà á léèwọ̀ fún yín láti wo ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, ìrẹ́jẹ ni, kì í ṣe ìbáwí. Bí ó bá fọwọ́ kàn yín lọ́nà àìtọ́, ìwà ọ̀daràn ni. Ohun tí ó máa ń dí ènìyàn lọ́nà láti sọ èyí ni èrò pé, “Ṣebí èmi náà gbà?” Ọwọ́ olùkọ́ ni bẹ́líìtì àti ìyìn wà, nítorí náà, pé akẹ́kọ̀ọ́ gbà kò wẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwọn aṣòfin pàápàá ti rí i: ní England àti Wales, láti ọdún 2022, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí olùkọ́ eré ìdárayá bá ọmọ ọdún 16 tàbí 17 tí ó ń kọ́ lò pọ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ gbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kúrò pátápátá. Ẹ tọ́jú rìsíìtì àti àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ kí ẹ tó jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ WhatsApp wọn, kí ẹ dá owó tí báńkì ń yọ dúró, kí ẹ sì fi ẹjọ́ sun àjọ tí ó ń ṣàkóso eré náà. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ìfipábánilò tàbí ìlùkulù, ọlọ́pàá àti dókítà ni ó ṣíwájú, kò sì sí ìdánrawò tí ó lè rọ́pò olùgbaninímọ̀ràn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọkàn bá rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ ohun tí ẹ kọ́ sílẹ̀. Bí a ṣe ń ṣubú láìfarapa, bí a ṣe ń dúró àti bí a ṣe ń mí jẹ́ ohun tí olùkọ́ eré náà níbikíbi yóò kọ́ yín. Ti eré ni, ó sì ti di tiyín. “Má béèrè ìdí,” “èmi ni mo sọ ọ́ di ènìyàn,” ti ọkùnrin yẹn tàbí obìnrin yẹn nìyẹn, kí ó máa gbé e lọ. Ìtàn eré náà ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ọdún 1882 ni Jigoro Kano, ẹni tí ó dá júdò sílẹ̀, ṣí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ nínú tẹ́ńpìlì kan ní Tokyo. Ọdún 1883 ni ó kọ́kọ́ fún ènìyàn ní ipò dan (ipò àwọn oní-bẹ́líìtì dúdú lónìí). Gichin Funakoshi, olùkọ́ kàrátè tí òkìkí rẹ̀ kàn, kò sì fún akẹ́kọ̀ọ́ kàrátè kankan ní irú ipò bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1924. Ètò tí ènìyàn ṣe láti fi mọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ dé ni ipò wọ̀nyí, kì í ṣe májẹ̀mú láàárín yín àti olùkọ́ kan. Kano kan náà fi lélẹ̀ pé àǹfààní ẹni àti ti ẹnìkejì gbọ́dọ̀ jọ máa lọ ni. Ẹ fi ìlànà yẹn wọn olùkọ́ yín àtijọ́, ẹ ó rí i pé òun gan-an ni ó yapa kúrò nínú ẹ̀kọ́ náà, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ilé ni kí ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀, ní ẹ̀yin nìkan. Bí ohùn olùkọ́ àtijọ́ yẹn bá wọlé sí yín lọ́kàn bí ẹ ti ń ṣe kata (ọ̀wọ́ ìgbésẹ̀ ìjà tí a tò tẹ̀ léra), ẹ dúró, kí ẹ tún un ṣe lọ́nà tí kò ní gbà láéláé: ẹ ṣe é ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ fi ọwọ́ òsì ṣíwájú, ẹ fi orin sí i. (Ó lè dà bí eré ọmọdé, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.)

Ní ilé ẹ̀kọ́ tuntun, ẹ jókòó wòran kí ẹ tó sanwó. Ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá ní ó tó. Nínú júdò, ẹni tí a dì mú yóò fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ tàbí ara ẹnìkejì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣọ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀: nígbà tí ẹni tí kò tíì mọ nǹkan kan bá fọwọ́ gbá a, ṣé kíá ni ó tú u, àbí ó ṣì rọra fún un mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, tí ó ń rẹ́rìn-ín? Mo ka ìṣẹ́jú àáyá méjì yẹn sí ju gbogbo ife-ẹ̀yẹ tí ó wà lára ògiri lọ. Ẹ béèrè bóyá wọ́n kọ owó ìdánwò sílẹ̀, bóyá òbí lè jókòó ti ọmọ, àti ta ni a lè fi ẹjọ́ olùkọ́ sùn. Owó oṣù kan ni kí ẹ san, ẹ má san ti ọdún.

Ẹ kò jẹ olùkọ́ tuntun ní gbèsè ìtàn yín. Ẹ kàn sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa béèrè kí ẹ tó fi mí ṣe àpẹẹrẹ,” kí ẹ sì wò ó bóyá ó rántí ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e.

Ní ti bẹ́líìtì àtijọ́, ẹ wo ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí náà. Bí ó bá jẹ́ àjọ ni, irú Kukkiwon ní Seoul tí ó ń fún àwọn oní-taekwondo ní ìwé ẹ̀rí dan, ọ̀dọ̀ àjọ ni orúkọ yín wà, ẹ sì lè kọ̀wé sí wọn tààrà. Bí ó bá jẹ́ olùkọ́ náà nìkan, ẹ ní kí ilé ẹ̀kọ́ tuntun dán yín wò. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi bẹ́líìtì funfun ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹ kó owó ńlá wá kí àwọn tó “dá” ipò yín padà, ẹ wá ibòmíràn lọ.