Bí Corolla gbàǹjo mi ṣe padà ń sítáàtì

Corolla 2010 tí mo rà ní gbàǹjo ní Houston máa ń sítáàtì láàárọ̀, á kọ̀ lọ́sàn-án. Rewáyà fẹ́ yọ brainbox (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì), mo ní kó dúró ná. A ká kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ìjókòó awakọ̀: ẹrẹ̀ gbígbẹ ló wà níbẹ̀, ìpẹtà aláwọ̀ ewé sì ti bo ẹnu wáyà earth (èyí tó ń dá iná padà sí bátìrì) tí wọ́n dè mọ́ irin ara mọ́tò. Omíyalé ti gbé mọ́tò yìí rí! A tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, a fi sáńpépà ha á títí ó fi dán, a dè é le, a fi gíríìsì bò ó. Wẹ́rẹ́ ló ń sítáàtì báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó náwó, ẹ fi VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò, tó ní lẹ́tà àti òǹkà 17) wo mọ́tò náà lórí VINCheck, ojú ìwé ayélujára NICB, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì adójútòfò ní Amẹ́ríkà, bóyá adójútòfò ti kà á sí mọ́tò tó bàjẹ́ gan-an rí; ọ̀fẹ́ ni. Mọ́tò omíyalé tí wọn kò bá fi tó iléeṣẹ́ adójútòfò létí kì í hàn níbẹ̀ o, torí náà ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì.