Tébù milling machine àtijọ́ tó ń dúró, tó tún ń sáré: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Milling machine àtijọ́ kan, ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin, wà lọ́wọ́ mi, oní-bẹ́líìtì pẹrẹsẹ àti pọ́lì onípele tí a fi ń yí eré padà. Tí kọ́tà, ìyẹn ọ̀bẹ eléyín tó ń yí, bá ti wọnú irin díẹ̀ báyìí, spindle (ọ̀pá tó ń yí kọ́tà) á máa yí lọ àmọ́ tébù tó ń gbé irin lọ bá kọ́tà á dúró. Mo ti fún bẹ́líìtì ńlá le, kò yàtọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ fi bẹ́líìtì ńlá sílẹ̀, kò mọwọ́ mẹsẹ̀, tó bá jẹ́ òun ló ń yọ̀ spindle gan-an á dúró. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, bẹ́líìtì tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tó ti ìdí spindle bọ́ sórí pọ́lì kékeré nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni feed, ìyẹn ohun tó ń sún tébù, ti ń gba agbára. Tí tébù bá tún dúró kẹ́ ẹ wo pọ́lì ìsàlẹ̀ yẹn: tóun náà bá dúró, bẹ́líìtì ló ń yọ̀, òróró ti kàn án tàbí ó ti dẹ̀. Tó bá ṣì ń yí, lífà tó máa ń já feed ló já fúnra ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ti jẹ. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó fún un le, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ fọwọ́ yí tébù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tó bá wúwo, bóyá ẹ gbàgbé láti tú ohun tó dè é ni, tàbí gib (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń fún tébù mọ́ ojú ọ̀nà ẹ̀) ti fún jù. Yíyọ̀ bẹ́líìtì yẹn ló ń dáàbò bo eyín gíà yín o!

Ìbéèrè: Ó ti ń rìn, ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ mo yí spindle sí kíákíá, tébù náà wá ń sáré. Ṣé gíà ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Látìgbà tí Joseph R. Brown ti ṣe universal milling machine tiẹ̀ ní Providence, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1862, títí di nǹkan bíi 1900, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba feed lára spindle, torí náà ìyípo kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń ka feed. Ká ní ó jẹ́ ínṣì 0.060 fún ìyípo kan, tí spindle bá ń yí ní 40 láàárín ìṣẹ́jú kan, tébù á rin ínṣì 2.4, tó bá di 80 á rin 4.8. Ohun tí eyín kọ́tà kọ̀ọ̀kan ń jẹ ò yí padà, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kọ́tà ńlá gbọ́dọ̀ yí díẹ̀díẹ̀, feed náà á wá máa wọ́. Ìdí nìyí táwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fi wá ń gba feed lára sáfútù tí eré ẹ̀ kì í yí padà, àmọ́ lórí irú ìyẹn ẹ ṣọ́ra, tẹ́ ẹ bá dín eré spindle kù sí ìdajì láìfọwọ́ kan feed, ìlọ́po méjì ni eyín kọ̀ọ̀kan máa jẹ.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ dín eré kù, mo wọ back gear (gíà tó ń dín eré spindle kù), gbogbo ẹ̀ há pátápátá.

Ìdáhùn: Ẹ ò tíì yọ pín tó so pọ́lì onípele mọ́ gíà ńlá ni. Spindle ò lè gba eré méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ pín yẹn kẹ́ ẹ tó wọ back gear, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ padà sí eré kíákíá, ẹ kọ́kọ́ yọ back gear kẹ́ ẹ tó ti pín wọlé.