Bí Owó Ìfẹrùránṣẹ́ Bá Pọ̀jù, Tàbí Tí Ẹrù Kò Bá Dé

Ọ̀pọ̀ ìjà tó ń wáyé ní káńtà àwọn tó ń báni gbé ẹrù, orí ohun kan ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́rù ti wọn ẹrù rẹ̀ nílé, kílò mẹ́ta ni. Òṣìṣẹ́ ní kílò mẹ́jọ àbọ̀ lòun máa gba owó rẹ̀. Kì í ṣe jìbìtì ní gbogbo ìgbà. Àwọn tó ń fi bàálù kó ẹrù kì í wo bó ṣe wúwo nìkan, wọ́n ń wo àyè tó gbà pẹ̀lú, èyí tó bá sì pọ̀jù nínú méjèèjì ni wọ́n ń gba owó rẹ̀.

Ìṣirò yẹn kò le. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn gígùn, ìbú àti gíga páálí ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀, kí ẹ wá fi 5,000 pín in. Páálí tó gùn ní 40, tó fẹ̀ ní 30, tó ga ní 35 á jẹ́ 42,000. Tẹ́ ẹ bá pín in, ó di kílò 8.4, wọ́n á sì sún un sókè sí 8.5, torí pé ìdajì kílò ni wọ́n sábà máa ń fi kà á. 5,000 yìí ni DHL àti FedEx ń lò fún ẹrù òkè òkun. Àwọn kan ń lo 6,000, àwọn kan 4,000, nítorí náà ẹ bèèrè nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pín in kí ọ̀rọ̀ owó tó bẹ̀rẹ̀.

Páálí tó wú ló ń náni lówó jù. Ibi tó yọ síta jù ni wọ́n ń gbé téèpù lé, kì í ṣe etí rẹ̀. Bí páálí òkè yìí bá fi sẹ̀ǹtímítà méjì wú síta ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ó ti di 44, 34 àti 39, ẹ ó sì rí i pé kílò 12 ni wọ́n máa kọ. Aṣọ tí wọ́n rọ́ mọ́nú pẹ̀lú agbára ló sábà ń fà á. Ẹ gé páálí náà kúrú dé ibi tí ẹrù dé, ẹ ká etí rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ sì fi sẹ́lótéèpù fífẹ̀ dì í. Tí páálí náà kò bá wú mọ́, tí gíga rẹ̀ sì wálẹ̀ láti 35 sí 15, á di kílò 3.6, kílò 4 lẹ máa san. Ẹ gbé téèpù sára páálí ní ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ tún ya ojú òṣùwọ̀n ní káńtà wọn. Fọ́tò wọ̀nyí ló máa sọ̀rọ̀ fún yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní “kọ̀ǹpútà ló wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀.”

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n tú owó náà palẹ̀. Owó gbígbé gan-an, àfikún owó epo, owó ìnṣọ́ránsì, àti VAT ìdá méje àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún: ó yẹ kí ìkọ̀ọ̀kan wà lójú ìlà tirẹ̀ lórí rísíìtì. Ìnṣọ́ránsì kì í ṣe dandan níbi púpọ̀, àmọ́ wọ́n máa ń fi í sí i láìbèèrè. Ẹ má ṣe gba “owó páálí” tí wọn ò sọ tẹ́lẹ̀. Òfin ààbò oníbàárà tí wọ́n ń pè ní FCCPA, ti 2018, ní abala 115, sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ gba owó tó ju iye tí wọ́n kọ síta lọ́wọ́ oníbàárà. Abala yẹn wúlò ní káńtà ju ariwo lọ.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ìtọpinpin

Nọ́ńbà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ fún yín fún ẹrù òkè òkun máa ń ní àmì mẹ́tàlá: lẹ́tà méjì, dígíìtì mẹ́sàn-án, lẹ́tà méjì ti orílẹ̀-èdè, bíi NG tàbí GB. E ló ń bẹ̀rẹ̀ ti EMS (ẹrù kíákíá ti ilé ìfìwéránṣẹ́), R ti lẹ́tà tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, C ti páálí. Àwọn oníjìbìtì tó ń ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń hùmọ̀ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Dígíìtì kẹsàn-án ló ń tú wọn fó. Ẹ mú mẹ́jọ àkọ́kọ́, ẹ fi 8, 6, 4, 2, 3, 5, 9 àti 7 sọ wọ́n di púpọ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fi 11 pín in, kí ẹ wá yọ èyí tó ṣẹ́kù kúrò nínú 11. Fún EE123456785NG, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 204. Tẹ́ ẹ bá fi 11 pín in, 6 ló ṣẹ́kù. 11 dín 6 jẹ́ 5, dígíìtì tó gbẹ̀yìn nìyẹn, ó bára mu. (Bí ìdáhùn bá jẹ́ 10, òdo ni wọ́n ń kọ, bó bá jẹ́ 11, wọ́n ń kọ 5.) Nọ́ńbà tí kò bára mu kì í ṣe ti ilé ìfìwéránṣẹ́ kankan. Àwọn kúríà aládàáni, bíi DHL, ní ìlànà tiwọn, ìṣirò yìí kò kàn wọ́n.

Ẹrù tí ẹ gbé fún awakọ̀ ní gáréèjì kò ní nọ́ńbà kankan. Nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà fóònù awakọ̀ àti fọ́tò ẹrù nínú búùtù ni rísíìtì yín. Ẹ fi máákà kọ “A TI SANWÓ” àti iye rẹ̀ gàgàrà sára ẹrù, torí pé ibi tó ń lọ ni wọ́n ti ń gba owó ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Tí wọ́n bá ní àwọn pè yín, ẹ ò gbé e

Ẹ bèèrè aago tí wọ́n pè àti nọ́ńbà tí wọ́n fi pè, kí ẹ sì ya fọ́tò àkọsílẹ̀ ìpè orí fóònù yín ní ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá ní àwọn ti gbé e fún ẹnì kan, orúkọ àti ìfọwọ́sí ẹni náà ni kí ẹ béèrè. Púpọ̀ nínú ìjáfara yìí, àdírẹ́sì ló ń fà á: nọ́ńbà ilé nìkan kò tó ní àdúgbò tí ilé méjì ti ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Ẹ fi ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí i (ilé epo, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì) àti nọ́ńbà fóònù méjì.

Bí páálí bá dé tó ti ya, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ kọ “páálí ti ya, a ò tíì yẹ inú rẹ̀ wò” sórí ìwé wọn ná, lẹ́yìn náà kí ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ má ju páálí nù títí owó yín á fi padà.

Ẹrù tó ń ti òkè òkun bọ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ ló yẹ kó lọ béèrè níbi tó ti fi í ránṣẹ́, torí òun ni wọ́n bá ṣe àdéhùn. Lábẹ́ ìlànà UPU, ìyẹn àjọ àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ lágbàáyé, oṣù mẹ́fà ló ní, wọ́n sì ń kà á láti ọjọ́ kejì ọjọ́ tó fi ránṣẹ́. Tí ẹnì kan bá pè pé kí ẹ san owó Kọ́sítọ́ọ̀mù sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ èèyàn, ẹ má san kọ́bọ̀. Ìwé owó orí ẹrù ni kí wọ́n fi hàn yín. Ní 2025, Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kéde pé ọjà tí èèyàn rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí iye rẹ̀ kò ju 300 dọ́là lọ, kò ní san owó orí ẹrù, níwọ̀n bí kò bá ti ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún.

Lẹ́tà, lẹ́yìn náà àwọn aláṣẹ

Ìpè orí fóònù kì í fi ẹ̀rí sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ímeèlì, kó kúrú (FCCPC tó wà níparí rẹ̀ ni àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà):

“Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, mo fi ẹrù nọ́ńbà báyìí ránṣẹ́ láti Ìbàdàn lọ sí London. Ẹ gba owó kílò 8.5. Páálí náà jẹ́ 40 × 30 × 15, kílò 4 ni. Fọ́tò wà níbí. Mo fẹ́ kí owó kílò 4.5 tó lé wọ àkáǹtì tí mo fi sanwó, láàárín ọjọ́ méje. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, FCCPC ni mo máa gbé e lọ.”

Ẹ sọ iye owó tí ẹ ń fẹ́ ní pàtó. Lẹ́tà tó kún fún ìbínú tí kò sọ iye kankan, “ẹ má bínú” ni wọ́n máa fi dáhùn rẹ̀.

Tí ọjọ́ méje bá kọjá, ẹ fi lẹ́tà yìí kan náà ránṣẹ́ sí FCCPC lórí ìkànnì wọn. NIPOST, ilé ìfìwéránṣẹ́ Nàìjíríà, ló ń fún àwọn kúríà ní láísẹ́ǹsì, ẹ lè kọ̀wé sí ẹ̀ka wọn tó ń mójú tó kúríà pẹ̀lú. Kúríà tí kò ní láísẹ́ǹsì máa ń tètè dá owó padà tó bá gbọ́ orúkọ yẹn. Ní Èkó, kóòtù fún gbèsè kékeré wà láti 2018, kò sì pọn dandan kí ẹ gba lọ́yà. Gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sì fi ṣe òdiwọ̀n ìdájọ́. Kí ẹ tó pe ẹjọ́, ẹ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà nínú ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì: orúkọ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ lẹ máa kọ sínú fọ́ọ̀mù, kì í ṣe èyí tí wọ́n kùn sára ọ̀kadà.