Bí Mo Ṣe Jẹ́ Ọmọdé àti Ọ̀pọ̀lọ́ Nínú Kàtúùnù Kan

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò gùn lójú ìwé. Kàtúùnù oníṣẹ́jú 11 ni, fún àwọn ọmọdé, nínú èyí tí mo máa jẹ́ ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún 10 tí ó ń bẹ̀rù òkùnkùn, tí mo sì tún máa jẹ́ àgbà ọ̀pọ̀lọ́ kan tí ń ráhùn ṣáá. Lẹ́yìn náà, mo máa ka ìkéde ìṣẹ́jú-àáyá 30 tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n yóò máa fi polówó eré náà. Ìròyìn kíkà lórí rédíò ni mo ti ń fi ohùn jẹun tẹ́lẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ ojúlùmọ̀ mi rò pé ṣeréṣeré ni èyí yóò jẹ́ fún mi. Èrò tèmi yàtọ̀. Ẹni tó ń ka ìròyìn, ohùn kan ṣoṣo ló ní láti tọ́jú, tirẹ̀ sì ni; ẹni tó ń fi ohùn ṣeré ní láti dá ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ó sì lè padà bá a níbi tó fi í sí, ní ọ̀la, ní oṣù tí ń bọ̀, bóyá fún ogún ọdún. Orí agbára láti padà bá ohùn yẹn ni mo gbé gbogbo iṣẹ́ náà kà.

Kí ó tó di tèmi, wọ́n kọ́kọ́ fi àwòrán ẹ̀dá méjèèjì ránṣẹ́ fún ìdánwò, pẹ̀lú ìlà ọ̀rọ̀ díẹ̀ àti àlàyé ṣókí nípa ìwà wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sáré lọ sórí ọ̀rọ̀. Àwòrán ni èmi máa ń kọ́kọ́ tẹjú mọ́. Ọmọ yìí ní ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, èjìká rẹ̀ gbé sókè, eyín iwájú rẹ̀ méjì sì yọ síta. Ọ̀pọ̀lọ́ kò ní ọrùn rárá: àgbọ̀n rẹ̀ jókòó sórí àyà, ikùn rẹ̀ tóbi, ojú rẹ̀ kan sì ṣí ju èkejì lọ. Nígbà tí mo gbé èjìká sókè, tí mo sì jẹ́ kí eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀, ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sọ̀rọ̀ kí n tó la ẹnu. Lẹ́yìn náà ni mo bi ìlà kọ̀ọ̀kan léèrè: ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀, báwo ni onítọ̀hún ṣe jìnnà sí i tó, kí ló sì ṣẹlẹ̀ kí ó tó sọ ọ́? Ìbéèrè kejì yẹn ló wúlò jù lọ. Máíkì kì í jìnnà síni, nítorí náà ẹni tó bá ń pe ẹni tó wà ní òdìkejì odò gbọ́dọ̀ fi ohùn nìkan jẹ́ kí a mọ bí odò náà ṣe fẹ̀ tó.

Ohùn ọmọ náà ló gba iṣẹ́ jù. Tán-án-ná, ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú ọ̀fun tó ń gbọ̀n kí ohùn lè jáde, ti àgbàlagbà ọkùnrin máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 100 sí 130 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti obìnrin ní nǹkan bí 200, ti ọmọdé a sì máa tó 300 nígbà mìíràn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sábà máa ń pe obìnrin fún ipa ọmọkùnrin: ọ̀nà rẹ̀ kò jìn púpọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ní yí padà bí ti ọmọkùnrin gidi tó bá bàlágà. Òṣèrébìnrin Nancy Cartwright ti ń jẹ́ Bart Simpson, ọmọkùnrin inú kàtúùnù The Simpsons, láti ọdún 1987, ọmọ náà kò sì tíì dàgbà. Ipa Lisa, arábìnrin Bart, ni ó tilẹ̀ lọ dánwò fún. Nígbà tí ó rí àpèjúwe Bart, ó ní èyí ni òun fẹ́ kà.

Àmọ́ gíga nìkan kọ́ ni ohùn ọmọdé. Bí àgbàlagbà bá kàn fún ọ̀fun pọ̀ kí ohùn lè lọ sókè, àgbàlagbà tí ń fi ọmọdé ṣe yẹ̀yẹ́ ni etí yóò gbọ́. Mo gbé ìró náà kúrò ní ọ̀fun wá sí iwájú ẹnu, lẹ́yìn eyín. Mo jẹ́ kí ahọ́n súnmọ́ àjà ẹnu, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí ètè lè fẹ̀, mo sì pín èémí sí kéékèèké, nítorí ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé kì í gbé gbólóhùn gígùn láìmí láàárín. Ọmọdé a máa mí níbi tí àgbàlagbà kò jẹ́ mí: lẹ́yìn “àti”, láàárín orúkọ ènìyàn, ṣáájú ọ̀rọ̀ tí ó ń bà á lẹ́rù gan-an. Mo fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sí gbogbo ibẹ̀ nínú ìwé eré.

Èdè wa sì fi tirẹ̀ kún un. Òṣèré tó ń lo èdè tí kò ní àmì ohùn lè ju ohùn sókè sódò bó ṣe wù ú láti fi ẹ̀rù hàn. Ní Yorùbá, bí ohùn ìsàlẹ̀ bá ti bá ìbẹ̀rù gòkè, ọ̀rọ̀ mìíràn lo ti sọ yẹn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbé ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè pa pọ̀, mo sì dín àlàfo tó wà láàárín wọn kù díẹ̀ láìjẹ́ kí ọ̀kan gba ipò èkejì. Inú èémí àti bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yára ni ìbẹ̀rù náà wá gbà hàn.

Ọ̀pọ̀lọ́ ni mo gbádùn jù. Mo sọ àgbọ̀n kalẹ̀, mo dín èémí kù, mo sì jẹ́ kí tán-án-ná máa dún kàràkàrà bí a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ léwu fún ẹni tí kò bá fi ikùn gbé e. Ohùn líle tí a fi ọ̀fun nìkan fà jáde dà bí ẹrù tí a gbé sórí láìsí òṣùká: ó ṣeé gbé dé ẹnu ọ̀nà, kò ṣeé gbé dé ọjà. Nítorí náà mo fún un ní ìdánwò tèmi. Mo fi ohùn ọ̀pọ̀lọ́ ka ojú ìwé ìròyìn kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo fi sunkún, mo fi sín, mo fi pariwo, mo sì fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ni mo kà sí jù, nítorí ohùn tí kò bá lè rẹ́rìn-ín kò tíì di ohùn ẹnikẹ́ni. Mo wá ẹ̀rín ọ̀pọ̀lọ́ lọ́tọ̀ títí mo fi rí i: inú èémí tí a ń fà wọlé ló wà, kò sí nínú èyí tí a ń tú jáde.

Mel Blanc, tó jẹ́ ohùn Bugs Bunny, Daffy Duck àti Porky Pig nínú kàtúùnù, orí rédíò ni ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí kò ti sí àwòrán kankan tí yóò ran olùgbọ́ lọ́wọ́ láti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á ní ọdún 1961, wọ́n gbé máíkì lọ bá a lórí ibùsùn, ó sì ń bá ipa Barney Rubble lọ nínú kàtúùnù The Flintstones láìlè dìde. Ohùn tó ti di ti ara nìkan ló lè gba irú èyí.

Nípa ìtọ́jú ohùn, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ti ń mu omi láti ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí ọ̀nà oúnjẹ ni omi ń gbà, èyí tí a bá mu lẹ́nu ọ̀nà sítúdíò kì í kan tán-án-ná. Mo jẹun níwọ̀nba kí ikùn má baà kùn sínú máíkì, mo wọ aṣọ tí kì í dún, mo sì bọ́ yẹtí àti ẹ̀gbà ọwọ́.

Nínú irú kàtúùnù yìí, ohùn ni ó ń ṣáájú àwòrán. Àwọn ayàwòrán yóò gbọ́ ohun tí a sọ, wọn yóò sì ya ẹnu ẹ̀dá náà bá a, àwòrán 24 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. (Bí ó bá jẹ́ eré tí wọ́n ti yà tán ni a ń yí sí èdè mìíràn, àwa ni a óò máa lé ẹnu àwòrán kiri: ìró “píìpù” mẹ́ta yóò dún létí ẹni, ibi tí ẹ̀kẹrin ìbá ti dún ni ọ̀rọ̀ sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ wù mí.) Ẹnjiníà gbé máíkì sí nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 sí ẹnu mi, ó sì fi asẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síwájú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tí ń tú jáde lára “b” àti “f” má baà lù ú. Ọmọ náà ni mo kọ́kọ́ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ọ̀pọ̀lọ́ a máa rẹ ohùn; olùdarí ló ń ka ìlà ẹnìkejì sí mi létí nínú hẹ́dífóònù.

Ìlà kan wà tí ọmọ náà ti gbọ́ ìró nínú òkùnkùn, tí ó ní: “Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?” Olùdarí ní, “Àǹtí, ẹ fún mi ní mẹ́ta, ẹ má dúró láàárín wọn.” Ní èkíní, mo sọ ọ́ bí ọmọ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn. Ní èkejì, ó rò pé ọ̀rẹ́ òun ló ń bá òun ṣeré, ìbínú sì bo ìbẹ̀rù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń sá kí ẹnu rẹ̀ tó béèrè. Ká ní ọwọ́ mi ló wà, èkíní ni ǹ bá mú. Èkejì ni olùdarí mú, ó sì tọ̀nà, nítorí ọ̀pọ̀lọ́ ni yóò jáde lẹ́yìn ìlà yẹn, ọmọ tí inú ń bí ni yóò sì jẹ́ kí ìpàdé wọn pa àwọn olùwòran lẹ́rìn-ín.

Ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ nínú kàtúùnù. Nígbà tí ọmọ náà ń sáré, n kò lè sáré, nítorí ẹsẹ̀ yóò dún nílẹ̀; mo dúró lójú kan, mo ń ju ìgbọ̀nwọ́, mo sì ń mí kíákíá láti òkè àyà. Nígbà tí ọ̀pọ̀lọ́ gbé eṣinṣin mì, mo fi ahọ́n ta àjà ẹnu, mo sì gbé itọ́ mì kí ó dún. Igbe àti ìṣubú ni wọ́n fi sí ìparí pátápátá, bó ṣe yẹ kí ó rí, nítorí lẹ́yìn igbe gidi, ohùn tó kù kì í ṣe ohùn tí a bá wọlé. Ẹnjiníà rẹ agbára máíkì sílẹ̀, mo sún sẹ́yìn, mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, mo sì kígbe.

Ìkéde tẹlifíṣọ̀n jọ iṣẹ́ mi àtijọ́, àmọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Gbogbo ìlú ni ìròyìn ń bá sọ̀rọ̀. Òbí kan ṣoṣo tó jókòó sórí àga ni ìkéde eré ọmọdé ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún mi kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 30 bí mo ṣe kà á ní ìrọ̀rùn, wọ́n sì fẹ́ kí àlàfo wà fún ohùn ọmọ náà àti ti ọ̀pọ̀lọ́ láàárín rẹ̀. Kíkà á ní wàràwàrà kò lè tún un ṣe. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a yọ àwọn ọ̀rọ̀ ìpọ́nlé kúrò, nítorí bí eré bá dùn, ohùn ọ̀pọ̀lọ́ fúnra rẹ̀ yóò sọ bẹ́ẹ̀. A fi orúkọ eré, ọjọ́ àti aago sílẹ̀. Pípariwo pàápàá kò wúlò mọ́ nínú ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ òde òní. Láti ìgbà tí EBU R128, òdiwọ̀n ìpele ohùn tí àjọ àwọn ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ Yúróòpù gbé kalẹ̀, ti jáde ní ọdún 2010, tó fi LUFS −23 (LUFS ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń dún sókè tó létí) ṣe ìpele, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni ó ń mú ìkéde àti eré wá sí ìpele kan náà, tí ẹni tó bá kígbe kò ní dún ju ẹni tó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lọ. Ìdánudúró kékeré ṣáájú orúkọ eré ni mo fi rọ́pò ariwo.

Mo ka ìwé àdéhùn ju bí mo ṣe ka ìwé eré lọ. Mo fẹ́ mọ ibi tí wọn yóò ti lo ohùn náà, bí yóò ṣe pẹ́ tó, bóyá owó ìkéde yàtọ̀ sí owó eré, àti bóyá wọ́n lè fi ohùn mi kọ́ ẹ̀rọ láti máa sọ̀rọ̀ dípò mi. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yìí ni ó mú kí àwọn òṣèré tí ń fi ohùn ṣiṣẹ́ nínú géèmù dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù Keje ọdún 2024, lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèré SAG-AFTRA. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí àyè fún un láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì kọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n ya àwòrán tán, wọ́n tún ìran kan ṣe, ìlà ọ̀pọ̀lọ́ kan kò sì bá a mu mọ́. Oṣù ti gorí oṣù. Mo ti tọ́jú fáìlì kékeré kan tí ọ̀pọ̀lọ́ ti ń sọ̀rọ̀, tó ń ráhùn, tó sì ń rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ nípa ibi tí àgbọ̀n wà, ẹ̀gbẹ́ ẹnu tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde, irú máíkì náà àti bí mo ṣe jìnnà sí i. Mo gbọ́ ọ nílé, mo tún gbọ́ ọ ní sítúdíò. Ẹnjiníà wá jẹ́ kí ìlà àtijọ́ tó ṣáájú rẹ̀ dún sí mi létí, mo sì sọ tuntun tẹ̀ lé e láìdúró. Olùdarí ní kí n dín ìráhùn rẹ̀ kù díẹ̀, nítorí nínú ìran tuntun yìí ọ̀pọ̀lọ́ ti ń dárí ji ọmọ náà. Èyí tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni wọ́n lò.

Ìwé eré kejì ti dé báyìí. Ọ̀pọ̀lọ́ ní àbúrò kan nínú rẹ̀, wọ́n sì ń béèrè bóyá èmi náà ni yóò jẹ́ àbúrò yẹn. Fáìlì ti ẹ̀gbọ́n ni mo kọ́kọ́ ṣí, kí n lè mọ ohun tí kò gbọdọ̀ jọ.