Iṣẹ́ Àṣetiléwá Káàdì Tarot: Ẹ Kọ Ohun Tí Ojú Yín Rí Ná

Bí ẹ bá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka káàdì Tarot, ìyẹn káàdì alàwòrán tí wọ́n fi ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè ẹni, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní pẹ́ tí olùkọ́ yóò fi ní kí ẹ fa káàdì, kí ẹ kọ nǹkan nípa rẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́. Mo máa ń bá olùkọ́ kan níbí ní Lọ́ńdọ̀nù yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò. Ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn tó ń kọ ọ́, láti Peckham níbí títí dé Ìbàdàn, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá rí orúkọ wọn. Ohun kan ló máa ń dùn mí: kí n rí ẹni tí Ọlọ́run fún ní ojú inú, kó wá lọ da ìtumọ̀ inú ìwé kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó fi tirẹ̀ sílẹ̀.

Káàdì tí ọ̀pọ̀ kíláàsì ń lò ni èyí tí ilé iṣẹ́ William Rider gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1909. Arthur Edward Waite ló ṣètò rẹ̀, ṣùgbọ́n Pamela Colman Smith ló ya àwòrán gbogbo káàdì 78 náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mọ orúkọ obìnrin yìí. Nínú káàdì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Marseille, ife márùn-ún lásán ni wọ́n tò sórí Five of Cups, kò sí ènìyàn níbẹ̀. Smith ló fi ènìyàn, odò àti ilé sí i. Ẹni tó bá fo àwòrán yẹn kọjá, kí ló wá fẹ́ kà?

Nítorí náà, ẹ gbé káàdì síwájú yín, ẹ pa ìwé ìtumọ̀ dé, ẹ ti fóònù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ kọ ohun tí ojú rí ná, ẹ má tíì túmọ̀ ohunkóhun. Five of Cups ọ̀hún: ẹnì kan dúró, ó fi aṣọ dúdú bora, ó sorí kọ́. Ife mẹ́ta ti dojú dé níwájú rẹ̀, ohun inú wọn ti dànù. Méjì ṣì dúró digbí lẹ́yìn rẹ̀. Odò ń ṣàn, afárá wà níbẹ̀, ilé wà ní òdìkejì. Ìgbà tí ẹ bá kọ èyí tán ni kí ẹ tó ṣí ìwé. Ìwé yóò ní ìbànújẹ́ ni, àdánù ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè kọ ìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọ́ pé, “Ẹni yìí ń sunkún ohun tó dànù, kò sì tíì yíjú wo méjì tó kù,” ti wo káàdì náà dáadáa, máàkì rẹ̀ á sì fi hàn.

Ìbéèrè tí ẹ fẹ́ torí rẹ̀ fa káàdì ńkọ́? Nídìí Ifá, ẹni tó wá ṣe àyẹ̀wò lè sọ ohun tó ń dùn ún sí owó ní wúyẹ́wúyẹ́, kí babaláwo má gbọ́. Iṣẹ́ àṣetiléwá Tarot kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè bébà ni kí ẹ kọ ìbéèrè sí kí ẹ tó fa káàdì, kí ẹ má sì yí i padà torí pé káàdì tó jáde kò bá a mu. “Ṣé màá rí iṣẹ́?” kò fún yín ní nǹkan púpọ̀ láti kọ. “Kí ni kí n mójú tó kí n tó gba iṣẹ́ tuntun yìí?” dára jù ú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Ifá, ẹ má ṣe so káàdì kan mọ́ odù kan kẹ́ ẹ lè fi kún ọ̀rọ̀. Odù 256 ní ètò tiwọn, káàdì 78 ní tiwọn.

Iṣẹ́ oníkáàdì mẹ́ta ló máa ń le jù. Ọ̀pọ̀ á kọ ìpínrọ̀ mẹ́ta tí wọn kò mọ ara wọn rí. Ká ní ìbéèrè iṣẹ́ tuntun yẹn lẹ bi, tí Eight of Cups, Two of Swords àti Three of Pentacles sì jáde. Ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú èkíní, ẹnì kan fi ife mẹ́jọ sílẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń lọ sí orí òkè lábẹ́ òṣùpá. Nínú èkejì, obìnrin kan jókòó, omi wà lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ dì í lójú, òun náà wà lábẹ́ òṣùpá. Òun nìkan ló wà, bíi ti ẹni àkọ́kọ́, a ò sì rí ojú èyíkéyìí nínú wọn. Nínú ẹ̀kẹta, oníṣẹ́ ọnà kan ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìsìn, ẹni méjì dúró tì í pẹ̀lú àwòrán iṣẹ́ lọ́wọ́. Kò sí òṣùpá, kò sí ẹni tó dá wà. Ohun tí màá kọ ni pé: “Kí n tó gba iṣẹ́ yìí, kí n lọ rí àwọn tí a jọ máa ṣe é, kí n sì ní kí wọ́n fi ètò rẹ̀ hàn mí.” Ìwé kankan kò lè fún yín ní gbólóhùn yẹn, torí àárín káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti jáde.

Tí káàdì bá dorí kodò, ẹ bi olùkọ́ bóyá ó ń kà á sí tàbí kò kà á sí. Bó bá ṣe wí ni kí ẹ ṣe.

Wọ́n lè ní kí ẹ kọ ìtàn Tarot. Ẹ má kọ pé Íjíbítì ló ti wá. Antoine Court de Gébelin ló tẹ ọ̀rọ̀ yẹn jáde ní Paris lọ́dún 1781, láìsí ẹ̀rí. Àríwá Ítálì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì wọ̀nyí ṣe eré ìdárayá ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ìjòyè Milan sì ní èyí tí wọ́n fi wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Bí ẹ bá ka káàdì fún ẹlòmíì kí ẹ lè kọ nípa rẹ̀, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Bí káàdì tí wọ́n ń pè ní Death (Ikú) bá jáde, ẹ má kọ pé ẹnikẹ́ni máa kú. Ẹ sọ ohun tó ń parí, kí ẹ sì rántí láti wo oòrùn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán láàárín ilé gogoro méjì nínú àwòrán náà. Ọ̀rọ̀ àìsàn, ti dókítà ni.

Ẹ ya fọ́tò káàdì bí wọ́n ṣe jáde kí ẹ tó kó wọn nílẹ̀, kí ẹ fi mọ́ iṣẹ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà, aago Lọ́ńdọ̀nù àti tiyín dọ́gba ní ìgbà ooru, ṣùgbọ́n ní ìgbà òtútù, wákàtí kan ni tiyín fi ṣáájú. Bí olùkọ́ bá ní aago méjìlá òru ni iṣẹ́ ń parí lóṣù Kejìlá, aago kan òru ni lọ́dọ̀ yín.