Ìmúrasílẹ̀ olùkọ́ tí ìjọ fẹ́ rán lọ kọ́ni ní Gámbíà

Bí ìjọ bá fẹ́ rán olùkọ́ lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, àdúrà àti ààwẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Àmọ́ ọmọ tí yóò jókòó níwájú olùkọ́ yìí ní ìdánwò láti ṣe. Bí ọmọ náà bá fìdí rẹmi nítorí pé tíṣà rẹ̀ kò mọṣẹ́, ìwàásù wo làwọn òbí rẹ̀ tún fẹ́ gbọ́ lẹ́nu tíṣà náà? Nítorí náà, iṣẹ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀ la ó tẹnu mọ́ jù níbí. Ẹ ya oṣù 12 sọ́tọ̀ fún ìmúrasílẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, kó má dín ní oṣù 9.

Gámbíà la mú, nítorí pé ibẹ̀ kì í ṣòro fún olùkọ́ ọmọ Nàìjíríà láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba ibẹ̀ ń lò, WASSCE táwọn ọmọ wa ń ṣe náà ni tiwọn ń ṣe, torí WAEC kan náà ló so Nàìjíríà, Gánà, Sàró, Làìbéríà àti Gámbíà pọ̀. Ìbátan tiẹ̀ wà. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Aku ní Banjul, ọ̀pọ̀ nínú baba ńlá wọn ni ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú tí wọ́n sì dá sílẹ̀ ní Sàró. “Ẹ kú” tí wọ́n fi ń kíra wọn ló di orúkọ mọ́ wọn lára. Àjàyí Crowther náà ṣiṣẹ́ tíṣà ní Sàró kí wọ́n tó fi í joyè àlùfáà ní 1843.

Ìwé ìpè

Ẹ má ṣe fi ìlérí orí WhatsApp rìnrìn àjò. Ilé ẹ̀kọ́ tàbí ìjọ tó fẹ́ gbà yín gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lù. Kí lẹ́tà náà dárúkọ iṣẹ́ tí ẹ ó máa kọ́, kíláàsì tí ẹ ó mú, iye pírẹ́ẹ̀dì lọ́sẹ̀, owó oṣù bó bá wà, ibi tí ẹ ó máa gbé, ẹni tí yóò san owó ilé ìwòsàn, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Èkíní ni ẹni tí yóò san owó tí ìjọba ń gbà lórí àjèjì tí wọ́n bá gbà síṣẹ́. Èkejì ni ẹni tí olùkọ́ náà ń jíhìn fún, bóyá pásítọ̀ ni tàbí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Bí èyí kò bá yéni kó tó gbéra, pásítọ̀ a pè é sípàdé lásìkò pírẹ́ẹ̀dì, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ a bínú, tíṣà a sì wà láàárín àwọn méjèèjì láì mọ ti ẹni tí yóò ṣe.

Àwọn ìwé ẹ̀rí

Orúkọ ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró jù. Bí “Oluwaseun” bá wà nínú ìwé ẹ̀rí NCE, tí “Seun” wà nínú ìwé ìrìnnà, tàbí tí ìyàwó ilé ti yí orúkọ padà tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì ṣì jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, ẹ lọ búra nílé ẹjọ́, kí ẹ sì kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Oṣù kìíní ìmúrasílẹ̀ ló yẹ kí ẹ ṣe èyí, torí gbogbo ìwé yòókù ló ń dúró dè é.

Lẹ́yìn náà ni TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí káàdì yín bá ti kọjá àkókò, ẹ sọ ọ́ dọ̀tun, kí ẹ sì gba Letter of Professional Standing, ìyẹn lẹ́tà tó jẹ́rìí pé olùkọ́ tí wọ́n mọ̀ ni yín, lọ́dọ̀ wọn. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ní kí wọ́n fòǹtẹ̀ lu ìwé ẹ̀rí yín, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ló ń kọ́kọ́ lù ú, kí ti iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Àbújá tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá yí ètò yìí padà, wọn yóò dá a padà. Ìwé ìwà rere tí ọlọ́pàá ń fúnni, tí wọ́n ń tẹ̀ka fún ní Alagbon ní Ìkòyí, ẹ jẹ́ kó ku nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí ìrìn àjò kí ẹ tó lọ gbà á, torí èyí tó bá ti pẹ́ lọ́wọ́ kì í tẹ́ ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lọ́rùn.

Ọmọ ECOWAS kò nílò físà. Ìwé ìrìnnà tó ṣì ní oṣù mẹ́fà ó kéré tán yóò mú yín wọlé, ẹ sì lè lo 90 ọjọ́. Ẹ máa ka ọjọ́ náà fúnra yín! Kí 90 tó pé, ẹ gbọ́dọ̀ ti lọ sọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè (immigration) fún ìwé ìgbélùú. Ẹni tó bá gbára lé “a ó bá ẹ ṣe é” ló ń rí i lọ́jọ́ 120 pé òun ti di arúfin.

Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́

Ibí ló yẹ kí ẹ ti lo àkókò jù. Ètò ẹ̀kọ́ Gámbíà jẹ́ grade 1 sí 6, 7 sí 9, àti 10 sí 12. Ìparí grade 9 ni wọ́n ń ṣe ìdánwò GABECE, ìparí grade 12 sì ni WASSCE. Olùkọ́ JSS tó bá rò pé ìwé JSS òun ti tó yóò jìyà, torí GABECE kì í ṣe BECE wa. Ẹ ní kí ilé ẹ̀kọ́ fi sílábọ́ọ̀sì ránṣẹ́, pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kí ẹ sì dáhùn gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú aago lórí tábìlì. Ìbéèrè tó bá yọ yín lẹ́nu ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ ẹ̀kọ́ lé lórí.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ ti kọ ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀ pátápátá: àfojúsùn, ohun èlò, ìbéèrè, iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìdí ni pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yóò lọ sórí ilé, ìwé ìgbélùú àti oòrùn, kò sì ní sí okun fún ìwé kíkọ lálẹ́. Ẹ yọ náírà kúrò nínú ìṣirò, ẹ fi dalasi sí i (100 butut ni dalasi kan). Ẹ yọ Odò Ọya, ẹ fi odò Gámbíà sí i. Àpẹẹrẹ tí ọmọ kò mọ̀ ń sọ ìṣirò di ìtàn àròsọ.

Ẹ múra bí ẹni pé kò sí iná, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ ohun tí ẹ nílò sórí ìwé, ẹ kó ìyókù sínú fóònù àti fíláàṣì kan.

Èdè àti ìkíni

Wolof ni èdè ọjà ní Banjul àti Serekunda. Bí ẹ bá lọ sókè odò, ẹ ó bá Mandinka, Fula àti Serahule pàdé. Ẹ béèrè èyí tó gbilẹ̀ níbi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó máa kọ́ ọ. Ìkíni ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: “Nanga def?” ní Wolof, ìdáhùn rẹ̀ ni “Maa ngi fi rekk”, ọpẹ́ ni “jërëjëf”. Ọpẹ́ Mandinka ni “abaraka”. Ìkíni wọn gùn bíi tiwa, wọn a béèrè ilé, ọmọ àti iṣẹ́ kí wọ́n tó sọ ohun tó gbé wọn wá, nítorí náà kò yẹ kí ó ṣòro fún Yorùbá. Àwa tí ń kánjú ní Èkó ló ń ṣe bí ẹni pé a kò rí èèyàn.

Ẹ̀sìn àti àwọn ọmọ

Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Gámbíà, títí kan inú ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ dá sílẹ̀. Àwọn òbí fi ọmọ wọn sọ́wọ́ ìjọ nítorí pé wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi àkókò ìṣirò wàásù. Ẹ má ṣe fún ọmọ ní ohunkóhun kó lè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, kódà bíkíìtì. Bí ọmọ bá bi yín ní ìbéèrè nípa ìgbàgbọ́ yín, ẹ dá a lóhùn ní ṣókí, ní gbangba, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mọ̀. Lásìkò Ràmàdáánì, ẹ má jẹun níwájú wọn, ẹ má sì fi ìdánwò tó le sí ọ̀sán.

Ẹ má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Ẹ má kọ́ ọmọ nínú ilé yín láìsí òbí rẹ̀ níbẹ̀. Pàṣán, ẹ fi í sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Owó

Ìlérí àwọn olùrànlọ́wọ́ máa ń yẹ̀. Bí ìnáwó oṣù kan bá jẹ́ ₦400,000, ẹ wá ìlérí ₦500,000 kí ẹ tó gbéra. Lọ́tọ̀ sí èyí, ẹ tọ́jú ìnáwó oṣù mẹ́ta àti owó ọkọ̀ òfúrufú ìpadàbọ̀ sínú àkáǹtì dọ́là, torí bí náírà bá wálẹ̀, ìlérí tó tó lánàá kò ní tó lọ́la. Ẹ yan ẹnìkan nílé tí yóò máa gba owó, tí yóò sì máa fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́ sí ìjọ lóṣooṣù. Kó má jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín.

Ìlera

Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìn àjò, kí ẹ sì mú káàdì rẹ̀ dání. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó títí ayé. Ẹ béèrè fún ti àrùn yínrùnyínrùn náà. Òjò ibẹ̀ ń rọ̀ láti Okúdù sí Ọ̀wàrà, ẹ̀fọn sì ń bẹ, nítorí náà ẹ mú àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn méjì. Ẹni tó ń lo oògùn lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ kó ti oṣù mẹ́ta dání nínú páálí rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà.

Bí ẹ bá dé, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà ní Banjul. Bó bá jẹ́ abúlé ni wọ́n gbé yín lọ, ẹ ní kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mú yín lọ kí alkalo, olórí abúlé, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Obì ni wọ́n fi ń kí i.