Àṣìṣe tó ń ba ògì àti àkàrà àárọ̀ Sátidé jẹ́

Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ìsáré lọ̀pọ̀ wa fi ń jẹun: búrẹ́dì nínú dánfó, mínírà lójú ọ̀nà. Sátidé tó yẹ kí ògì àti àkàrà tù wá lára, àwa náà la tún máa ń fọwọ́ ara wa bà á jẹ́.

Ìdí omi ni ìkánjú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má da omi tí kò tíì hó sórí ògì. Kò ní dì. Ṣooro ni yóò máa ṣàn bí omi ìfọṣọ. Ẹlòmíì á wá sáré gbé e padà sórí iná, tí kò bá sì rò ó láìdúró, kókó ni yóò dì. Omi tútù díẹ̀ ni kí ẹ fi pò ó kó ki, kí omi hó yaya, kí ọwọ́ kan máa dà, kí èkejì máa rò. Ẹ óò rí i tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, tó ń dán. Ẹ dúró níbẹ̀. Mílíìkì kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ kó tó dì.

Ẹ má sì tìtorí òórùn máa pààrọ̀ omidùn títí kíkan rẹ̀ á fi tán. Ògì tí kò kan mọ́, kí ló kù níbẹ̀?

Ní ti àkàrà, ẹ má fi omi púpọ̀ lọ ẹ̀wà, kó má baà tẹ́ pẹrẹsẹ nínú epo. Ẹ lù ú títí yóò fi fúyẹ́. Ìgbà tí epo bá gbóná ni kí iyọ̀ tó wọ inú ẹ̀wà náà.

Tó bá sì rẹ̀ yín, ẹ má fi dandan dín in fúnra yín. Ẹ ra ti ìyá alákàrà. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, ìgboro ni wọ́n ti ń rà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń fi epo pupa dín in. Lọ́dún 2005, ìjọba ibẹ̀ kọ iṣẹ́ wọn mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Ta ló ń pe àwọn tó ń rà á ní ọ̀lẹ?

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni kéèyàn sọ oúnjẹ yìí di ìpàdé ẹbí. Ògì gbóná, etí abọ́ lèèyàn ti ń bù ú díẹ̀díẹ̀; ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè kò lè ráyè ìyẹn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé láti sọ, kó jẹ́ ká fọ abọ́ ná.